Àwọn Tó Wà Lábẹ́ Tábìlì

Lọ́dún tó kọjá, ẹnì kan gba ojú òpó Facebook ọ̀rẹ́ mi, ó sì ń fi tọrọ owó lọ́wọ́ àwọn ẹbí rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi figbe ta: "Wọ́n ti hack mi o!" Mo bá a kẹ́dùn, àmọ́ ẹ̀yin náà mọ àwa tí à ń kọ́ èdè: ọ̀rọ̀ yẹn ló kọ́kọ́ wọ̀ mí lọ́kàn. Ta ló kọ́ àwọn oníkọ̀ǹpútà ní "hack"? Mo wádìí rẹ̀ títí, ó gbé mi dé ọ̀dọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi reluwé kékeré ṣeré.

Tech Model Railroad Club lorúkọ ẹgbẹ́ wọn. Ọdún 1946 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT, ní Amẹ́ríkà. Inú Building 20 ni iyàrá wọn wà, ilé onípákó tí wọ́n sáré kọ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Orí tábìlì ńlá ni wọ́n to ìlú kan sí: òkè, ilé, igi, afárá àti ojú irin. Wọ́n fi ìwọ̀n sí i o! Ohun tó bá gùn ní mítà 87 níta, mítà 1 péré ni lórí tábìlì wọn.

Ọ̀nà méjì ni ẹgbẹ́ náà pín sí. Àwọn kan fẹ́ràn òkè tábìlì: wọ́n ń kun ọkọ̀ lọ́dà, wọ́n ń gbẹ́ ilé. Àwọn yòókù wà lábẹ́ rẹ̀, níbi tí wáyà ti lọ́ mọ́ra bí ìfun ẹran. Ẹ̀yà ara ẹ̀rọ tẹlifóònù ni wọ́n fi ń darí àwọn ọkọ̀ náà. Àlejò kì í rí wọn. Àmọ́ nígbà tí kọ̀ǹpútà TX-0 dé MIT ní 1958, àwọn ará abẹ́ tábìlì yìí ló ń sùn tì í. Àárín wọn ni Spacewar! ti jáde ní 1962, ọ̀kan lára àwọn eré orí kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́.

Ohun tó mú mi jù nìyí: ní 1959, ọ̀kan nínú wọn, Peter Samson, kó àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò láàárín ara wọn jọ, ó ṣe é ní ìwé atúmọ̀ èdè. "Hack" wà níbẹ̀. Kì í ṣe olè jíjà ni wọ́n pè bẹ́ẹ̀. Ohun tí èèyàn kàn ṣe láìní èrè kan pàtó ni. Ọmọdé ò mọ oògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́.

Àwa náà ní ẹgbẹ́ kékeré kan lórí WhatsApp. A lè fi odindi òru jiyàn bóyá "ọ̀rọ̀ ìpamọ́" ni ká máa pe password ni àbí "ọ̀rọ̀ aṣílẹ̀kùn". Ẹ̀gbọ́n mi rí wa, ó ní, "Eré lẹ̀ ń ṣe." Mo ní, "Bọ̀dá mi, ẹ rántí ọkọ̀ agolo mílíìkì yín, tẹ́ ẹ gé sílípáàsì Màámi fi ṣe táyà rẹ̀?" Ó bú sẹ́rìn-ín. Mẹkáníìkì ni lónìí.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan kò pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ṣoṣo nínú wa ló ń kọ àwọn ọ̀rọ̀ náà pamọ́, sórí fóònù rẹ̀. Fóònù bọ́ sómi, iṣẹ́ oṣù mẹ́sàn-án bá a lọ. A gbìyànjú láti rántí wọn, a ò rántí tó ìdajì. Ẹgbẹ́ Samson kò gbọ́n jù wá lọ. Wọ́n kàn kọ tiwọn sílẹ̀ ni.

A ti ra ìwé báyìí, gègé náà ti wà níbẹ̀. "Hack" la fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, àríyànjiyàn sì ti bẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó gba ojú òpó ọ̀rẹ́ mi kò sí nínú rẹ̀ o. Olè nìyẹn, Yorùbá ti ní orúkọ fún un tipẹ́. Àwọn tó wà lábẹ́ tábìlì la ń wá orúkọ fún. Bẹ́ ẹ bá ní ọ̀kan, ẹ bá wa mú un wá. A ó kọ ọ́ sílẹ̀.