Oògùn oorun tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ láti Èkó: Ohun tójú ìyá kan rí n'Ìjàrà-Ìsin

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fi ẹrù ránṣẹ́ sílé mọ̀ ọ́n dáadáa. Bí mọ́tò Òmù-Àrán bá fẹ́ gbéra l'Ékòó, búrẹ́dì á wà níbẹ̀, mílíìkì inú agolo á wà níbẹ̀, owó tí wọ́n ká sínú bébà á wà lọ́wọ́ dẹ́rẹ́bà. Láàárín gbogbo ẹ̀, láílọ́ọ̀nù kékeré kan á tún wà tí wọ́n so lẹ́nu pinpin. Oògùn ló wà nínú ẹ̀: ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ti orókùn, àti ti oorun. Ti oorun yìí gan-an lọ̀rọ̀ wà lórí ẹ̀, torí lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe dókítà ló kọ ọ́. Ìyá ló pe ọmọ pé òun ò róorun sùn mọ́, ọmọ ló yà ní kẹ́mísìtì nígbà tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, ẹni tó ń tajà níbẹ̀ ló nawọ́ sókè, tó mú páálí kan, tó ní, “Ẹ fún wọn ní èyí, wọ́n máa sùn bí ọmọdé.”

Ìfẹ́ ló wà nídìí ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa jiyàn ìyẹn. Àmọ́ ìfẹ́ yẹn náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ìyá kan di arọ n'Ìjàrà-Ìsin, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìsin, nílẹ̀ Ìgbómìnà.

Opó ni ìyá ọ̀hún, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Àwọn ọmọ ẹ̀ wà l'Ékòó àti n'Ílọrin, ọmọ-ọmọ kan ṣoṣo ló wà lọ́dọ̀ ẹ̀, ìyẹn náà sì ti máa ń sùn lọ kí wọ́n tó palẹ̀ abọ́ alẹ́ mọ́. Bí iná bá ti lọ, tí aago méje ààbọ̀ bá lù, kí ni àgbàlagbà tún fẹ́ máa ṣe nínú òkùnkùn? Màmá á wọlé, á dùbúlẹ̀. Tó bá di aago kan òru, ojú ẹ̀ á là kedere. Á yí sọ́tùn-ún, á yí sósì, á máa ka igi àjà, á rántí ọkọ ẹ̀ tó ti kú, á rántí ọmọ tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, títí àkùkọ á fi kọ. Lọ́jọ́ kejì, á máa tòògbé lórí àga nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹni tó bá kí i, ohun tí yóò gbọ́ ni pé, “Oorun ti fi mí sílẹ̀.”

Bẹ́ẹ̀ ni oògùn Èkó ṣe dé. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ dùn bí oyin. Nígbà tó di oṣù kejì, kóró kan ò ràn án mọ́, ó di méjì. Òwúrọ̀ á mọ́, òòyì á máa kọ́ ọ, á máa dá ọ̀rọ̀ tó ti sọ sọ. Àwọn aládùúgbò ti ń fẹnu kùn ún pé ọjọ́ ogbó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ba orí màmá jẹ́. Lóru ọjọ́ kan tó fẹ́ lọ tọ̀, ẹsẹ̀ ò gbà á, ó ṣubú lulẹ̀ gbì nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọlọ́run ló yọ ọ́, ọwọ́ ló fi gbalẹ̀. Ká ní ìbàdí ni, eegun ìbàdí tó bá ṣẹ́ lára àgbàlagbà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré, ọ̀pọ̀ ni kò dìde rìn bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Irú oògùn bẹ́ẹ̀ kì í tètè kúrò lára arúgbó. Diazepam táwọn èèyàn ń pè ní Valium, ara ọ̀dọ́ lè tètè gbọ̀n ọ́n dànù, àmọ́ lára ẹni àádọ́rin ọdún, ó lè tó ọjọ́ mélòó kan kí ìdajì ẹ̀ tó kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Tàná ò tíì lọ, tòní á tún gorí ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń tọ́jú àgbàlagbà l'Amẹ́ríkà fi kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n tún ṣe lọ́dún 2023 pé kí wọ́n yẹra fún diazepam àtàwọn ẹbí ẹ̀ fẹ́ni tó bá ti pé ọdún 65: ó ń fa ìṣubú, ó ń ṣẹ́ eegun, ó ń da orí rú. Piriton tí àwọn mìíràn ń lò torí pé ó ń mú oorun wá, òun náà wà nínú ìwé ọ̀hún.

Ẹni tó tú ọ̀rọ̀ yìí palẹ̀ fún màmá kì í ṣe àjèjì. Ìyàwó àbúrò ọkọ ẹ̀ ni, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì. Ó wá kí i nítorí ọwọ́ tó wú, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Màmá wa, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Aago mélòó lẹ máa ń sùn?” Màmá ní òun kì í sùn. Nọ́ọ̀sì ní rárá o, aago mélòó ni wọ́n máa ń dùbúlẹ̀? Aago méje ààbọ̀. Ìgbà wo lojú máa ń là? Aago kan òru. Ó bá ka ìka sí i létí: méje ààbọ̀ sí kan, wákàtí márùn-ún ààbọ̀ nìyẹn. Ẹ wá fi èyí tí wọ́n ń sùn lórí àga lọ́sàn-án kún un, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó méje. “Oorun ò fi yín sílẹ̀, Màmá. Ẹ kàn tètè ń ná an tán ni.”

Màmá kọ́kọ́ bínú. Ta ló fẹ́ kí wọ́n sọ fóun pé ìyà tó ń jẹ òun lóru kì í ṣe ìyà? Ó sì ní ẹ̀tọ́ láti bínú, torí ìyà ni lóòótọ́. Béèyàn bá lo wákàtí mẹ́wàá lórí bẹ́ẹ̀dì, tó wá jẹ́ pé mẹ́fà péré ló sùn, mẹ́rin tó kù yẹn, ìdààmú ló fi ṣe. Bẹ́ẹ̀, oorun àgbà kì í rí bíi ti ọmọdé. Ó máa ń fẹ́lẹ́, ó máa ń já láàárín, ó sì máa ń tètè parí. Jíjí ní aago mẹ́rin àárọ̀ kì í ṣe àìsàn fún ẹni tó sùn ní aago mẹ́wàá. Èyí tó jẹ́ àìsàn ni kí oorun kọ̀, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, fún oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó sì máa ba ọ̀sán jẹ́ fúnni.

Kò yẹ kẹ́nikẹ́ni rò pé ìyá Ìjàrà yìí nìkan ló ń ṣe. Àwọn ọ̀mọ̀wé Yunifásítì Ìbàdàn, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ṣáájú wọn, yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá, Kwárà sì wà lára ẹ̀. Wọ́n bá àgbàlagbà 1,307 tó ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sọ̀rọ̀ lọ́dún 2007, wọ́n sì padà lọ bá wọn lẹ́yìn oṣù méjìlá. Lára àwọn tí oorun kò yọ lẹ́nu tẹ́lẹ̀, nǹkan bí ẹni kan nínú mẹ́rin ló ti ń rojọ́ àìróorunsùn láàárín ọdún kan ṣoṣo yẹn. Obìnrin pọ̀ ju ọkùnrin lọ níbẹ̀. Bówó bá ṣe ń dín kù lọ́wọ́ èèyàn ni àìsùn ń pọ̀ sí i, ẹni tó sì ti ní àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ lára, tiẹ̀ tún le jù. Ẹ ò rí i pé kóró oògùn ò lè wo àìlówólọ́wọ́ àti orókùn tó ń ro sàn.

Kí wá ni ṣíṣe? Ìtọ́jú kan wà tí kò lóògùn nínú, ó sì ti pẹ́. Ọdún 1972 ni Richard Bootzin l'Amẹ́ríkà ti gbé ìlànà kan jáde: orí bẹ́ẹ̀dì, fún oorun ni. Ẹni tí oorun ò bá gbé kó dìde kúrò níbẹ̀, kó má padà àfi tójú bá ń kún un. Nígbà tó di 1987, Arthur Spielman fi tiẹ̀ kún un: kí wọ́n dín àkókò orí bẹ́ẹ̀dì kù títí á fi súnmọ́ iye wákàtí téèyàn ń sùn gan-an, kí wọ́n tó máa fi kún un díẹ̀díẹ̀. Lọ́dún 1999, Charles Morin àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ dán irú ìtọ́jú yìí wò lára àgbàlagbà 78, wọ́n fún àwọn kan ní oògùn, wọ́n kọ́ àwọn kan ní ìlànà, wọ́n fún àwọn mìíràn ní méjèèjì. Gbogbo wọn ló kọ́kọ́ sùn dáadáa. Nígbà tó pẹ́, ti àwọn tó kọ́ ìlànà ló dúró. Lọ́dún 2016, ẹgbẹ́ ńlá àwọn dókítà l'Amẹ́ríkà wá sọ pé ìlànà yìí ló yẹ kí gbogbo àgbàlagbà tí oorun kọ̀ fún kọ́kọ́ gbà, kí wọ́n tó dárúkọ oògùn.

N'Ìjàrà, báyìí ni nọ́ọ̀sì ṣe é. Ó ní màmá ò gbọdọ̀ dùbúlẹ̀ kí aago mọ́kànlá alẹ́ tó lù, kó sì dìde ní aago márùn-ún àárọ̀, ì báà sùn, ì báà má sùn. Wákàtí mẹ́fà péré nìyẹn. A kì í dín in kù ju márùn-ún ààbọ̀ lọ. Oorun ọ̀sán di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kó tó di aago mẹ́ta. Láàárọ̀, kó jáde síta kí oòrùn kan ara ẹ̀, kó rìn dé ọjà kó padà. Bójú bá là lóru tí kò tún pa dé, kó dìde, kó tan àtùpà kékeré, kó jókòó sí pálọ̀. Kí ló fẹ́ máa ṣe níbẹ̀? Kó máa bó ẹ̀gúsí! Ọgbọ́n ńlá ni, torí kò sí iṣẹ́ tó ń tètè mú èèyàn tòògbé bí ẹ̀gúsí bíbó lábẹ́ àtùpà.

Ọ̀rọ̀ obì ló fa ìjà. Alaalẹ́ ni màmá àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ máa ń pa obì. Ohun tó wà nínú kọfí tí kì í jẹ́ kéèyàn sùn, òun náà ló wà nínú obì, ó sì tó nǹkan bíi wákàtí márùn-ún kí ìdajì ẹ̀ tó kúrò lára. Òun kan náà ló wà nínú Alábùkún tí màmá ń pò mọ́ omi ní gbogbo alẹ́ nítorí orókùn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò mọ̀yẹn o: oògùn ara ríro ni lóòótọ́, àmọ́ aspirin nìkan kọ́ ló wà nínú ẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní kó gbé obì lọ sí àárọ̀, kó sì bi dókítà léèrè ohun tó lè máa lò fún orókùn. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú un tọ̀, òun náà, ó ní kí wọ́n bi dókítà bóyá ó lè máa lò ó láàárọ̀ dípò alẹ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ le bí ojú ẹja. Màmá ń sùn lórí ìjókòó, ó ń sọ pé, “Ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni?” Ọmọ-ọmọ ẹ̀ ló ń bá a ṣe àlọ́ kí aago mọ́kànlá tó lù, ìyẹn náà á sì sùn lọ kí ìjàpá tó dé ilé àna. Àmọ́ nígbà tó wọ ọ̀sẹ̀ kẹta, bí màmá bá ti forí kan ìrọ̀rí, ó ti lọ nìyẹn. Wọ́n fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kún un, wọ́n tún fi òmíràn kún un. Ó ṣì máa ń jí lẹ́ẹ̀kan lóru. Kò sẹ́ni tó ṣèlérí pé kò ní í jí.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbọ́ tiyín o. Ọmọ tó ń fi oògùn ránṣẹ́ yìí náà ló máa ń pe màmá ní aago mẹ́wàá ààbọ̀ alẹ́, nígbà tó bá jàjà kúrò nínú gosíló. Á kí i tán, á wá bẹ̀rẹ̀: owó ilé ti pé, ọkọ òun ń ṣe báyìí, ara ọmọ ò yá. Tó bá sọ tán, ara á tù ú, á sùn. Ìyá tó gbọ́ ọ ńkọ́? Nọ́ọ̀sì ló pè é, tó ní kó máa pe màmá láàárọ̀, kó tó wọ ibi iṣẹ́. Ọmọ ní kò ráyè láàárọ̀. Wọ́n fa á títí kó tó gbà.

Èyí tí ìlànà kankan ò lè wò ni ẹ̀rù tó ní ìdí. Lọ́dún 2024 tí wọ́n wọ ààfin pa ọba Kòrò ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì ní Kwárà, kò sí àgbàlagbà lágbègbè yẹn tó gbọ́ ọ tó fi ọkàn balẹ̀ sùn. Ẹni tó ń fetí sílẹ̀ bóyá ìbọn máa dún, kì í ṣe ìlànà oorun ló nílò, ọdẹ tó ń ṣọ́lùú àti ìjọba tó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀ ló nílò. Kí wọ́n má fi kóró oògùn pa á létí.

Ohun kan ṣì wà tó ṣe pàtàkì gan-an: ẹni tó bá ti ń lo oògùn oorun fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kò gbọdọ̀ dáwọ́ ẹ̀ dúró lójijì. Ara á gbọ̀n, oorun á tún kọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, gìrì pàápàá lè mú un. Dókítà ló máa ń dín in kù díẹ̀díẹ̀. Bákan náà, ẹni tó ń hanrun burúkú tí èémí ẹ̀ ń dúró lójú oorun, ẹni tí wárápá ń ṣe, ẹni tí ọkàn ẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì débi pé ayé sú u, ọ̀dọ̀ dókítà ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ, kì í ṣe ìdí ẹ̀gúsí. Ti màmá Ìjàrà, Ìlọrin ni wọ́n ti ṣètò tiẹ̀ fún un. Kóró méjì di ọ̀kan, ọ̀kan di ìdajì. Ìdajì yẹn ló kù tó ń lò nígbà tí oṣù kejì parí, ó sì ti ń béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ìgbà tí wọ́n máa mú un kúrò.