Ohun Tí Ládípọ̀ Kò Tà

Ẹni tó bá lówó lọ́wọ́ lè wọ ọjà Ládípọ̀ ní Múṣin, kó sì kó odidi ọkọ̀ jáde ní wẹ́wẹ́: ẹ́ńjìnnì, gíà, iná iwájú, títí kan àpótí kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní brain box. Ibẹ̀ ni mo ti ra àpótí tókunbọ̀ nígbà tí àgbàrá òjò ba tèmi jẹ́. Nọ́ńbà ara àpótí méjèèjì bára mu rẹ́gí. Síbẹ̀, bí mo bá yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ á sítáàtì, á sì kú lójú ẹsẹ̀.

Àpótí náà kò lábùkù. Kọ́kọ́rọ́ mi ni kò dá mọ̀. Ẹ̀rọ bíńtín kan wà lórí kọ́kọ́rọ́ náà tí kò lo bátìrì. Wáyà tó yí ihò kọ́kọ́rọ́ ká ló ń fún un lágbára, òun náà á sì fi nọ́ńbà tirẹ̀ jẹ́ ẹ. Bí nọ́ńbà yẹn kò bá sí nínú ìrántí brain box, epo kò ní wọ ẹ́ńjìnnì mọ́. Nítorí olè ni wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀. Láti ọdún 1998 ló ti di dandan fún ọkọ̀ tuntun nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Inú chip ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ kan, tí kò tó èékánná, ni ìrántí ọ̀hún wà. Ríwáyà tó bá mi ṣe é kò sáré gbé iná. Ó fọ ìdọ̀tí kúrò lára pátákó àtijọ́, ó fi ẹ̀rọ ka ohun tó wà nínú chip náà, ó tún un kà, ó fi méjèèjì wéra, ó sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà ló tó fi afẹ́fẹ́ gbígbóná tú u, tó yọ ti inú tókunbọ̀ dànù, tó sì fi lẹ́ẹ̀dì jó tiwa sí àyè rẹ̀. Ọkọ̀ sítáàtì, kò sì kú mọ́.

Owó àpótí ju owó iṣẹ́ ọkùnrin náà lọ fíìfíì, bẹ́ẹ̀ ohun tó bá mi gbà là kò sí lórí àtẹ ẹnikẹ́ni. Brain box lẹ́gbẹ́ káàkiri Ládípọ̀. Ìrántí ọkọ̀ mi kò lẹ́gbẹ́. Ohun tó tóbi lójú làwa oníbàárà sì máa ń ná jù.

Ní báyìí, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ tú fóònù mi tàbí ọkọ̀ mi, kí n tó bèèrè èló, mo máa ń bi í pé: “Ẹ ti ṣe ẹ̀dà ohun tó wà nínú rẹ̀?” Ẹni tó bá fi mí rẹ́rìn-ín, mo máa ń gba ẹrù mi lọ́wọ́ rẹ̀.