Pius Adésanmí, Ọmọ Ìsánlú

Pius Adébọ́lá Adésanmí, ọmọ Ìsánlú nílẹ̀ Òkun, ni wọ́n bí lọ́dún 1972. Nígbà ayé rẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n ni ní Yunifásítì Carleton, ní Kánádà; ó gba ẹ̀bùn Penguin fún àwọn òǹkọ̀wé Áfíríkà lọ́dún 2010. Síbẹ̀, ìwé kọ́ ló sọ ọ́ di ẹni táyé mọ̀ nílé. Orí Facebook ni: níbẹ̀ ló ti ń fọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ na àwọn olóṣèlú lẹ́gba, tó tún ń ròyìn ìyá rẹ̀ àti ọmọbìnrin rẹ̀ tìfẹ́tìfẹ́. Ó tọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ onímọ̀ sọ́nà. Nígbà tó ń lọ sípàdé Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà ní Nairobi, ọkọ̀ òfuurufú Ethiopian Airlines tó wọ̀ já ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹta, ọdún 2019. Èèyàn 157 ló kú, òun náà sì wà lára wọn.