Ọmọ ọwọ́ kú, ṣé ẹnì kan ló pa á?

Ìyá kan gbé ọmọ ọwọ́ dé ilé ìwòsàn, ọmọ ò mí mọ́. Ẹ̀jẹ̀ wà nínú agbárí, ẹ̀yìn ẹyinjú náà ṣẹ̀jẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí àpá kankan lára. Ká tó wí ká tó fọ̀, ọlọ́pàá ti dé: "Ta ló mi ọmọ yìí jìgìjìgì?" Bí ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn, ẹni tó wà lọ́dọ̀ ọmọ gbẹ̀yìn lòfin sì máa ń kọ́kọ́ dì mú.

Ẹ gbọ́ ná o. Inú ọpọlọ ni wọ́n ti ń wá ẹ̀rí. Àwọn òwú tín-ín-rín kan ni ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ káàkiri ara. Bí orí bá fara gbá gidi, wọ́n á já. Lọ́dún 1956 ni dókítà obìnrin kan, Sabina Strich, ṣàlàyé èyí lára àwọn tó forí ṣèṣe tí iyè wọn sì ra. Nígbà tó yá, wọ́n rí aró kan tó ń fi òwú tó bàjẹ́ hàn láàárín bíi wákàtí méjì sí mẹ́ta. Ṣùgbọ́n aró ò mọ ẹjọ́ rò! Bí afẹ́fẹ́ ò bá dé ọpọlọ, tí ọpọlọ sì wú, òwú á bàjẹ́, aró á sì gbé ìyẹn náà jáde.

Bí ìbàjẹ́ náà ṣe tò ni wọ́n ń wò. Tó bá fọ́n ká lọ́kọ̀ọ̀kan, pàápàá lára afárá funfun tó so ọ̀tún ọpọlọ mọ́ òsì, orí ló fara gbá. Tó bá rìn kọ́lọkọ̀lọ, àìrí ẹ̀jẹ̀ ni. Nígbà mìíràn, méjèèjì lè wà pa pọ̀, ibẹ̀ ni orí ti ń gbóná.

Lọ́dún 2001, Dókítà Jennian Geddes àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé iṣẹ́ jáde lórí ọpọlọ ọmọ 53 tí wọ́n ní wọ́n ṣe léṣe. 37 jẹ́ ọmọ ọwọ́. Lára àwọn ọmọ ọwọ́ yìí, òwú tí ìfaragbá já káàkiri ò wọ́pọ̀ rárá, àìrí afẹ́fẹ́ ló pọ̀ jù. Háà! Ohun tí wọ́n ti ń bú mọ́ ìyá àti bàbá lórí ní kóòtù kọ́ nìyẹn?

Lọ́dún 2005, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Lọndọnu gbọ́ ẹjọ́ mẹ́rin irú ẹ̀. Wọ́n dá ẹni méjì sílẹ̀ pátápátá, wọ́n dín ẹ̀sùn ìpànìyàn ẹnì kẹta kù, ẹjọ́ ẹnì kẹrin dúró bó ṣe wà. Adájọ́ ò sọ pé kò sẹ́ni tó ń mi ọmọ pa o. Ṣùgbọ́n àwọn méjì yẹn ti jẹ ìyà ẹ̀sùn ọ̀hún fún ọdún gbọọrọ kí wọ́n tó dá wọn sílẹ̀.