Ìlànà Wo Ni Kí A Fi Gba Ohùn Àwọn Àgbà Sílẹ̀?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń bi mí léèrè irú kámẹ́rà tí wọ́n lè fi gba àwòrán àti ohùn àwọn òbí wọn sílẹ̀ nínú ilé, nígbà ọdún Ifá tàbí nígbà ìsọmọlórúkọ. N óò dáhùn, ṣùgbọ́n àṣìṣe tí èmi fúnra mi ṣe ni n óò fi dáhùn. Àṣìṣe náà ń dùn mí títí di òní.

Ní ọdún 2004, bàbá mi ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Babaláwo ni wọ́n ní ìlú Ọ̀yọ́, ọ̀dọ̀ bàbá tiwọn ni wọ́n sì ti kọ́ Ifá. Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni èmi ń gbé nígbà náà. Bí mo ti ń múra láti lọ sílé fún ọdún Ifá, mo pinnu láti ra kámẹ́rà kí n lè gba ohùn wọn sílẹ̀. Kámẹ́rà méjì ni ẹni tí ń tajà gbé síwájú mi. Ọ̀kan ń lo téèpù kékeré tí wọ́n ń pè ní MiniDV. Èkejì ń lo àwo DVD kékeré tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 8.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì. MiniDV ti wà lọ́jà láti ọdún 1995. Téèpù kan sábà máa ń gba wákàtí kan. Kì í fún àwòrán pọ̀ jù, ohùn rẹ̀ sì máa ń mọ́ ketekete, nítorí pé kì í fún un pọ̀ rárá. Bí a bá da wákàtí kan sínú kọ̀ǹpútà, yóò gba àyè tó nǹkan bíi gígábáìtì 13. Wàhálà rẹ̀ ni pé a gbọ́dọ̀ fi wáyà so kámẹ́rà mọ́ kọ̀ǹpútà, kí a sì dúró tì í fún odidi wákàtí kan kí ó tó dà á tán. Ní ti àwo kékeré yẹn, gígábáìtì 1.4 péré ni ó lè gbà, èyí tí í ṣe nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní ìwọ̀n tó dára. Kí nǹkan tó lè gba inú rẹ̀, kámẹ́rà ní láti fún àwòrán àti ohùn pọ̀ gan-an. Ẹ̀wà rẹ̀ ni pé a lè fi í sínú ẹ̀rọ DVD tó wà ní pálọ̀, kí gbogbo ilé sì jókòó wò ó.

Mo mú èyí tó ń lo àwo. Mo rò ó pé ìyá mi kò ní kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹ̀rọ DVD. Ìrọ̀rùn ọjọ́ náà ni mo wò, n kò wo ọjọ́ iwájú.

Nǹkan kan wà tí ẹni tí ń tajà náà sọ wéré, tí èmi náà sì gbọ́ wéré. Kí àwo náà tó lè ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ mìíràn, inú kámẹ́rà ni a ti gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ parí rẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Finalize. Ìgbà náà ni kámẹ́rà yóò tó kọ àkójọ ohun tó wà nínú àwo síbi tí ẹ̀rọ mìíràn ti lè kà á. Bí a kò bá ṣe é, ẹ̀rọ mìíràn lè kà á sí àwo òfìfo, bẹ́ẹ̀ ohun gbogbo wà níbẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ kejì ọdún, lẹ́yìn tí àwọn àlejò ti túká, bàbá mi jókòó sórí ẹní, wọ́n ní kí n gbé kámẹ́rà mi wá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ki Ọ̀wọ́nrín Méjì. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ Odù yìí lẹ́nu wọn, ṣùgbọ́n ẹsẹ mẹ́fà ni wọ́n kì lálẹ́ ọjọ́ náà tí n kò gbọ́ rí. Wọ́n sì ń dárúkọ ẹni tí wọ́n ti kọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́dọ̀ rẹ̀. Wọ́n kì í títí àwo kẹta fi kún. Àwo méjì àkọ́kọ́ ni mo ti parí bí ó ti yẹ. Bí ìkẹta ti kún ni bátìrì kú, kò sì sí iná ládùúgbò láti ìrọ̀lẹ́. Mo yọ ọ́, mo fi í pa mọ́, mo ní bí ilẹ̀ bá mọ́ n óò parí rẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, iṣẹ́ ọdún gbà mí lọ́kàn, mo gbàgbé.

Kámẹ́rà náà bàjẹ́ ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Bàbá mi papò dà ní ọdún 2007. Nígbà ìrántí ọdún kan wọn, mo fi àwo kẹta sínú ẹ̀rọ kí gbogbo ẹbí lè gbọ́ ohùn wọn. Ẹ̀rọ kọ̀ ọ́. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹnìkan tó mọ̀ nípa irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni ó rí gbà jáde nínú ọgbọ̀n. Ẹsẹ méjì pé. Ìkẹta já níbi tí bàbá mi ti fẹ́ dárúkọ ẹbọ.

Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi, wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Ṣé o ti ránṣẹ́ pe ọmọ awo bàbá rẹ?" Ọkùnrin náà ti gbé ọ̀dọ̀ bàbá mi fún ọdún mẹ́wàá. Ó wá, ó gbọ́ ìṣẹ́jú mọ́kànlá náà lẹ́ẹ̀mejì. Níbi tí ohùn ti já, ó la ẹnu, ó sì bá a lọ. Ó ka ẹbọ náà pé, ó parí ẹsẹ kẹta, ó sì ki ẹ̀kẹrin. Lẹ́yìn náà ni ó mi orí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Bàbá kò tíì kọ́ mi dé ibẹ̀." Báyìí ni ẹsẹ méjì ṣe lọ mọ́ wa lọ́wọ́.

Ẹ kíyè sí i pé ẹsẹ Ifá náà ní ìlànà tirẹ̀. A ó gbọ́ orúkọ àwọn awo tó dá Ifá, a ó gbọ́ ẹni tí wọ́n dá a fún, ohun tó gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹbọ tí wọ́n ní kí ó rú, àti ibi tí ọ̀rọ̀ náà já sí. Nítorí pé a mọ ìlànà yìí ni a fi mọ̀ pé ẹbọ ni ó kù. Ìlànà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ kì í tètè parun. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti kámẹ́rà.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń gba ohùn àgbà sílẹ̀ lónìí, ẹ lo ìlànà tí ẹ̀rọ púpọ̀ lè ṣí, bíi MP4 tí ọ̀pọ̀ fóònù ń lò. Ẹ gbé ẹ̀rọ súnmọ́ ẹni tí ń sọ̀rọ̀, nítorí pé bí ohùn kò bá mọ́, a kò ní lè mọ igbá yàtọ̀ sí ìgbà. Lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an, ẹ ṣe ẹ̀dà méjì, kí ọ̀kan wà nílé mìíràn. Ẹ wo ẹ̀dà náà lórí ẹ̀rọ mìíràn kí ẹ tó pa ti àkọ́kọ́ rẹ́. Bí ẹ bá ní téèpù MiniDV tàbí àwo tí a kò parí, ẹ wá kámẹ́rà tó ṣì ń ṣiṣẹ́ nísinsìnyí. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ àgbà náà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ohun igbódù kì í ṣe ti kámẹ́rà.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ jẹ́ kí ọmọ kan jókòó ti àgbà náà, kí ó máa kì í tẹ̀ lé wọn. Ọmọkùnrin mi ti mọ ẹsẹ mẹ́rin náà báyìí, láìwo ibì kankan. Àwo kẹta ṣì wà nínú àpótí mi.

Ifá yóò gbè wá o. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.