Abẹ́ Òkun Tí Mo Fojú Ara Mi Rí

Ìrìn àjò tí mo rìn ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni mo fẹ́ rò fún yín.

Erékùṣù kan ń bẹ láàárín òkun, nísàlẹ̀ Nàìjíríà wa yìí, Príncipe ni wọ́n ń pè é. Òun àti São Tomé ló parapọ̀ di orílẹ̀-èdè kan tó gba òmìnira lọ́wọ́ àwọn Potogí ní 1975. Èrò ibẹ̀ kò ju bíi 8,000 lọ. Ẹ wá fi wé ọjà Oyíngbò lọ́jọ́ kan ṣoṣo! Ibẹ̀ ni àwọn Potogí gbin kòkó sí ní 1822, láti Bràsíì ni wọ́n ti gbé e wá. Kòkó tó kọ́lé fún àwọn bàbá wa, agbègbè àwọn erékùṣù wọ̀nyẹn ló ti wá.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣe káfíńtà ní São Tomé ló pè mí. Nígbà tí ìyá mi gbọ́, ẹni tó ń ta ẹja yíyan, ó figbe ta: "Ìwọ tí o ò mọ̀wẹ̀, kí lo ń wá lọ sójú òkun? Ṣé Olókun ló ránṣẹ́ pè ọ́ ni?" Mo ní, "Ẹ má bínú, Màámi, ẹ ṣáà máa gbàdúrà fún mi."

Bàálù kékeré gbé wa láti São Tomé, kò tó wákàtí kan tá a fi dé. Etí òkun tí wọ́n ń pè ní Praia Grande la lọ. Kò sí hòtẹ́ẹ̀lì níbẹ̀, kò sí rédíò tó ń pariwo, kò tiẹ̀ sí oníbọ̀ọ̀lì kan ṣoṣo. Igbó kìjikìji ló sọ̀kalẹ̀ wá pàdé iyanrìn. Àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ ìjàpá òkun gbà ká pàgọ́ sẹ́yìn lábẹ́ igi, ṣùgbọ́n wọ́n ní a ò gbọdọ̀ dáná, a ò sì gbọdọ̀ tan tọ́ọ̀ṣì funfun, àfi pupa. Búrẹ́dì àti sadíìnì la jẹ sùn.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀rẹ́ mi gbé awò kan fún mi, èyí tó bo ojú bo imú, pẹ̀lú ọ̀pá rọ́bà kan tó tẹ̀ kọrọdọ. Èèyàn á ki ẹnu rẹ̀ kan bọ ẹnu, èkejì á yọ sókè omi, ibẹ̀ ni a ó máa gbà mí. Ó wọ̀ mí ní ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Níbi tí omi dé àyà ni mo ti dojú délẹ̀. Àyà mi ń lù kìkì! Èémí ara mi nìkan ni mo ń gbọ́, fúù, fúù, bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Ìgbà tó yá ni ojú mi là. Omi mọ́ gaara. Ẹja pẹlẹbẹ, ẹja pupa, ẹja tó nílà bí aṣọ òkè, gbogbo wọn ń jẹun lára òkúta, wọn ò tiẹ̀ kà mí sí. Ẹ̀yin èèyàn mi, inú agbọ̀n ìyá mi ni mo ti mọ ẹja láti kékeré, a ti ká a ní róbótó, ìrù rẹ̀ wà lẹ́nu. N ò mọ̀ pé bó ṣe ń rí láàyè nìyí. Ọ̀rẹ́ mi ló fà mí jáde nígbà tí ẹ̀yìn mi ti jó nínú oòrùn.

Lóru ni àwọn ẹ̀ṣọ́ wá jí wa. Ìjàpá kan ti gòkè wá, ó tóbi ju ọpọ́n ìfọṣọ lọ. Ó fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbẹ́ ihò, ó ń yé ẹyin funfun róbótó sínú rẹ̀. Wọ́n ní ẹyin ọ̀hún lè tó 100 lẹ́ẹ̀kan. Omijé ń dà lójú rẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ sọ pé iyọ̀ òkun ló ń tì jáde bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ẹkún. Mo gbọ́, ṣùgbọ́n ojú mi ò gbà.

Nígbà tá a padà sí Santo António, olú ìlú wọn, mo lọ sọ́jà. Palaiê ni wọ́n ń pe àwọn obìnrin tó ń ta ẹja níbẹ̀. Mo kí ọ̀kan tó ti dàgbà, ọ̀rẹ́ mi ń túmọ̀. Mo ní, "Màmá, ẹ kú ọjà o. Ṣé ẹ ti ta ẹran ìjàpá rí?"

Ó wò mí títí. Ó ní, "Ọmọ mi, òun ni mo fi rán ọmọ mẹ́ta nílé ìwé."

Láti 2014 ni òfin orílẹ̀-èdè wọn ti dè é: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pa ìjàpá òkun, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tà á. Ìyá náà ní òun ò fẹ́ kó run. "Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹja ò bá wọ àwọ̀n, kí ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ fún mi? Àwọn ọkọ̀ ńlá ilẹ̀ òkèèrè ń kó ẹja lọ níbẹ̀ yẹn. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ń ṣọ́ tèmi, ta ló ń ṣọ́ tiwọn?" Lóòótọ́, ó ti pẹ́ tí ìjọba wọn ti ń bá àwọn ará Yúróòpù tọwọ́ bọ̀wé lórí ẹja òkun wọn.

Èmi tó lọ ṣe fàájì ọjọ́ mẹ́rin, kí ni mo fẹ́ sọ? Ẹni tó bá pa ìjàpá tí mo rí yẹn, inú mi ò ní dùn sí i láéláé. Bẹ́ẹ̀ n ò lè pe ìyá yẹn ní òpùrọ́. Lójú tèmi, owó tí àwọn àlejò ń ná nítorí ìjàpá yìí, ó yẹ kó kọ́kọ́ kan igbá irú wọn.

Mo ní kó ta ẹja méjì fún mi. Mo ná an, ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ẹni tí bàálù gbé wá kì í ná ẹja. Mo sanwó, mo dúpẹ́, ó sì fi ewé wé e fún mi.