Kì í ṣe oyún o, oògùn ni!

Bẹ́ ẹ bá rí ìyàwó tíṣà kan n'Ílọ́fà, ìpínlẹ̀ Kwara, níbi tó ti ń sá fún òórùn ẹ̀gúsí, ẹ̀yin náà á ní oyún ni. Ìyá ọkọ ẹ̀ ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Bẹ́ẹ̀, ọmọ mẹ́rin ló ti bí, òun àtọkọ ẹ̀ sì ti jọ gbà pé ó tó. Oògùn ìfètòsọ́mọbíbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lò ló ń gbé e léèébì.

Ó kù díẹ̀ kó da oògùn náà sí ṣáláńgá ni nọ́ọ̀sì dá a dúró. "Ẹ̀yin nìkan kọ́, mà. Nígbà tí wọ́n dán an wò fáwọn obìnrin Puerto Rico lọ́dún 1956, èébì gbé àwọn náà, tìgbà yẹn tiẹ̀ le ju tòní lọ. Ẹ máa lò ó lálẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ. Bẹ́ ẹ bá bì kó tó pé wákàtí 3, ẹ lo òmíràn. Tẹ́ ẹ bá dá a dúró lójijì, oyún gan-an lè dé."

Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, èébì ti lọ. Ó ti padà sídìí ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ẹ̀. Ìyá ọkọ nìkan ló ṣì ń retí ìkómọ.